Ilé Àtijọ́ ní Iléṣà: Ẹ Wá Ọ̀nà Omi Kí Ẹ Tó Sanwó

Oṣù kìíní ọdún ni mo sanwó ilé mi. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ń là, ògiri ilé náà sì gbẹ háúháú. Mo fi ọwọ́ pa á nínú yàrá ẹ̀yìn, ó tutù díẹ̀, mo ní ilé amọ̀ kúkú máa ń tutù, ohun tí à ń wá kiri nígbà ooru nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kẹfà, mo ṣí àpótí pákó tí aṣọ òfì màmá mi wà nínú rẹ̀, tí mo gbé ti ògiri yàrá yẹn gan-an. Mẹ́ta nínú aṣọ náà ti bu. Ẹ̀yìn àpótí ti rọ̀ bí àkàrà tó já sínú ẹ̀kọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ nílùú yìí, èmi ni wọ́n ń pè pé kí n bá wọn lọ wò ó. Èmi kì í ṣe bíríkìlà, n kì í sì í ṣe ẹnjinníà. Ẹni tí omi ti kọ́ lọ́gbọ́n ni mí. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé, bí mo ṣe ń tò ó tẹ̀lé ara wọn.

Irú ilé tí à ń sọ

Àwọn bàbá wa òṣómàáló gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì lóṣòó síwájú onígbèsè títí ó fi sanwó. Nígbà tí owó dé ọwọ́ wọn, ilé ni wọ́n fi kọ́ sílé. Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ tí ẹ máa rí láti Òkèṣà dé Ẹrẹ́jà, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, amọ̀ ni ara wọn. Wọ́n mọ amọ̀ náà nípọn, ó lè tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n wá fi rẹ́ ẹ tinú-tòde kó lè dán. Ilé búlọ́ọ̀kù dé lẹ́yìn èyí, àwọn mìíràn sì jẹ́ àdàpọ̀: iwájú amọ̀, ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù.

Lónìí, tí bíríkìlà bá ní òun ti dé «dí-pí-sí», ohun tó ń wí ni pé wọ́n ti da kọnkéré bo ìpìlẹ̀. Èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn á tẹ́ ọ̀rá nípọn síbẹ̀ kí omi ilẹ̀ má baà gun ògiri. Ilé àtijọ́ kò ní ọ̀rá kankan nísàlẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti aláǹgbá nìyẹn. Omi ò dúró de ẹnu. Amọ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú ò rí, búlọ́ọ̀kù náà ní, omi sì ń gun inú rẹ̀ lọ sókè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà.

Ọ̀nà mẹ́rin ni omi ń gbà wọ ilé: ó lè ti ilẹ̀ wá, ó lè ti òkè wá, ó lè ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbé inú ilé ló ń mú un wá. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí bóyá ilé náà ní ọ̀rinrin. Ilé àtijọ́ wo ni kò rin níbì kan? Ọ̀nà tí omi náà gbà ni kí ẹ wá, torí omi òrùlé àti omi ilẹ̀ kì í ná ènìyàn ní iye kan náà.

Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Lọ́dọ̀ wa, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún fi agbára padà ní oṣù kẹsàn-án títí wọ ìkẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ajẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn wo ilé: ọ̀nà gbẹ, ògiri gbẹ, ọ̀dà ń dán. Ẹ bá wọn lọ, kò burú. Àmọ́ ẹ tún padà lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe kí ẹ dúró nínú ilé náà nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, wákàtí kan péré á fi ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn oṣù mẹ́ta bò hàn yín.

Ṣé ẹ ò lè dúró de òjò? Nígbà náà, ẹ óò máa wá ipasẹ̀ rẹ̀. Omi ilé kì í lọ kó má fi àmì sílẹ̀.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa dání, ọ̀bẹ kékeré, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ike omi kan, ọ̀rá tó mọ́ gaara àti sẹ́lótéèpù. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò ní ṣàánú, torí ẹ máa gun àjà. Ẹ mú bíríkìlà yín lọ, kó má ṣe ẹni tí onílé tàbí ajẹ́ǹtì bá yín wá. Ẹ sì sanwó ọjọ́ náà fún un, kó má baà máa ronú iṣẹ́ tí yóò rí gbà lẹ́yìn tí ẹ bá rà á.

Ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bí ajẹ́ǹtì bá ti ń ṣílẹ̀kùn tó ń sọ pé «Ẹ wọlé, ẹ wá wo pálọ̀,» ẹ dá a lóhùn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ dúró sójú títì, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dà. Ìlú olókè ni Iléṣà, ilé kan ń bẹ lókè, èkejì ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo omi tó rọ̀ sórí ilé òkè gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá. Ẹ bi ara yín pé: ṣé ẹ̀gbẹ́ ilé yìí ni, àbí abẹ́ rẹ̀? Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Ẹ wá ohun tí onílé yìí fi kọ̀ fún un. Gọ́tà ha wà níbẹ̀? Ṣé ó ṣí, àbí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti dí i? Ibo ló ń da omi sí?

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí ilẹ̀ inú ilé ṣe ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Ó kéré tán, ó yẹ kó fi ínṣì mẹ́fà ga jù ú lọ. Nínú ilé àtijọ́ wa, òdìkejì lẹ máa ń bá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti tún títì ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ń da ilẹ̀ lé ilẹ̀. Àgbàrá ń gbé iyanrìn wá, àwọn ará ilé ń gbá pàǹtí sí ẹ̀yìn. Ilé tí bàbá kọ́ tí ó gun àtẹ̀gùn méjì wọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ̀ ọ́ báyìí. Bí ẹsẹ̀ yín bá sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọ ilé, ẹ mọ̀ pé ara ògiri ni ilẹ̀ ìta wà. Ohun tó ṣe yàrá ẹ̀yìn mi gan-an nìyẹn, mi ò sì rí i torí koríko ló bò ó.

Ẹ yí ilé ká tán. Ní ẹsẹ̀ ògiri, ẹ máa rí ibi tí erùpẹ̀ pupa ta sí. Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ń kán sí nìyẹn, tó sì ń ta padà lu ògiri. Bí ó bá ti gbẹ́ kòtò gígùn sí ìdí ilé, tí ìpìlẹ̀ ti yọ síta, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ẹ wo ojú ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn dáadáa, torí ìjì òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ti ìparí rẹ̀ sábà máa ń ti ìhà ibẹ̀ wá, ògiri yẹn ló máa ń jẹ jù nínú rẹ̀. Ibi tó bá ti sán tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi èékánná tọ́ ọ wò. Bí èékánná bá wọlé, omi ti ń wọlé ṣáájú yín.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń wá kẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, kó lè máa mu omi ìwẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dán, tó sì sún mọ́ ògiri, tí àwọn yòókù nínú ọgbà sì rọ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn, omi kan ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́, ògiri tó wà nítòsí náà sì ń mu nínú rẹ̀. Ẹ tún bèèrè ibi tí sọ́kàwéè wà àti ibi tí ṣalángá àtijọ́ wà kí wọ́n tó dí i. Òrùlé aládùúgbò ńkọ́? Ilé sún mọ́ra nígboro wa débi pé omi òrùlé ẹlòmíràn lè máa kán sára ògiri tí ẹ fẹ́ fowó rà. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sí ògiri yẹn, tí ẹ ò bá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, asán ni.

Òrùlé

Tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ gun àjà, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wòkè. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ bí ìràwọ̀, òjò ń gbà á. Ìdí ìṣó ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà lára páànù. Lẹ́yìn ìdí ìṣó, ẹ wo ibi tí páànù ti gun orí ara wọn, lẹ́yìn náà ibi tí òrùlé méjì ti pàdé bí ilé bá ní ẹ̀ka. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára igi àjà. Igi tó ti dúdú, ẹ fi ọ̀bẹ gún un: bí ọ̀bẹ bá rì bí ẹni gún iṣu sísè, igi náà ti jẹrà. Ikán fẹ́ràn irú ibẹ̀, torí náà, níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikán ń gbà, ẹ wá omi níbẹ̀.

Àmì omi lára síílìn kò fi dandan túmọ̀ sí pé òrùlé ṣì ń jò. Àmì tó jẹ́ òrùka lórí òrùka, bíi ti tíì tó gbẹ sínú kọ́ọ̀bù, omi ti wá síbẹ̀ léraléra ni. Èyí tó rọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tuntun ni. Síílìn ike funfun tí gbogbo ènìyàn ń lẹ̀ báyìí kì í mú àmì kankan. Bí ẹ bá bá a nínú ilé tí gbogbo nǹkan yòókù ti gbó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ibì kan fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó yàtọ̀ sí ti omi: síílìn pẹlẹbẹ líle tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ayé ọjọ́un lè ní asbestos nínú, ìyẹn ohun èlò ìkọ́lé kan tó ní fọ́nrán tíntìntín. Ẹ má ha á, ẹ má gbá a fọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gún un láti dán an wò. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Omi òrùlé ló rọrùn jù láti wò sàn. Bí òun nìkan bá ni wàhálà ilé, tí ògiri ò tíì wọ́, káfíńtà á parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Wàyí, ẹ wọlé

Imú ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ra yín nínú yàrá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ mí. Òórùn ilé tó rin dà bíi ti àpótí ìyá àgbà tí wọn ò ṣí láti ọdún tó kọjá. Bí òórùn ọ̀dà tuntun bá bo gbogbo rẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọ̀dà ń ṣe níbẹ̀. (Mo ti rí ilé kan tí ọ̀dà tuntun fi àkọlé «ilé yìí kì í ṣe títà» pamọ́. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ omi, ó di ọ̀rọ̀ lọ́yà.)

Lẹ́yìn imú, ẹ wo ibi tí àmì wà lára ògiri, ó ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tóbi tó lọ.

Bí ó bá wà nísàlẹ̀, tó sì gùn lọ bí ìlà lára ògiri, tí etí òkè rẹ̀ funfun tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń gùn ún. Irú rẹ̀ kì í sábà ga ju mítà kan lọ: ìbàdí ènìyàn, nígbà mìíràn orúnkún. Ohun funfun bíi pàùdà tó wà lókè ìlà náà, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Omi gbé e wá, omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ má ṣì í mú fún èyí tó ń bu. Ẹ kán omi díẹ̀ lé e: iyọ̀ á yòrò, èyí tó bu ò ní yòrò, á kàn lẹ̀ mọ́ ìka. Kò pọn dandan kí ẹ fi ahọ́n lá a o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríkìlà mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wà lókè, tó ń sọ̀kalẹ̀ bí omijé, òrùlé ni tàbí gọ́tà òrùlé. Bí ó bá wà láàárín ògiri, tó rí róbótó láìní ìdí, ẹ wo ẹ̀yìn ògiri yẹn. Balùwẹ̀ lè wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ páìpù tí wọ́n rì mọ́nú, ó sì lè jẹ́ ibi tí ìta ti sán. Abẹ́ fèrèsé náà, omi ń gba ibẹ̀ wọlé bí pèpéle rẹ̀ bá dà sínú dípò kó dà síta.

Èyí tó dúdú tóótòòtóó ní kọ̀rọ̀ òkè yàrá tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò ní ìlà, tí kò ní iyọ̀, ó lè má ti ìta wá rárá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń sá aṣọ sínú yàrá nígbà òjò, wọ́n ń fi sítóòfù dáná nínú ilé, wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn. Oru omi kò ríbi lọ, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri tó tutù. Ìyẹn ò ná ènìyàn ju nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lọ. Síbẹ̀, ẹ má fojú kéré ohun dúdú náà bí ọmọdé bá máa sùn nínú yàrá yẹn. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin inú ilé, wọ́n sì so ó mọ́ ikọ́, èémí tó ń há àti ikọ́ sémìísémìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ nípa ohun tí wọ́n fi ń bò ó. Nínú ilé wa, àṣà ni kí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ igi kun ògiri láti ilẹ̀ dé ìbàdí, kí ìdọ̀tí má baà hàn. Ọ̀dà yẹn kì í jẹ́ kí omi inú ògiri jáde, torí náà omi á tì í wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná bó. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó wú. Bí omi tàbí iyẹ̀pẹ̀ bá jáde, ẹ ti rí i nìyẹn. Tí táìlì bá dé ìbàdí nínú yàrá tí kì í ṣe balùwẹ̀ tàbí ilé ìdáná, ẹ béèrè ìdí. Ọ̀dà tuntun tó parí síbi orúnkún ńkọ́? Ẹ béèrè. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kúrò lára ògiri, ẹ fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì tọrọ gáfárà kí ẹ tó ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, a fẹ́ wo ẹ̀yìn ibí yìí.» Kò sẹ́ni tó máa ń kọ̀ tí ẹ bá bèèrè bí ọmọlúàbí.

Ìró ló kù. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ń dún kò-kò bí igbá òfìfo, pilásítà ti ya kúrò lára ògiri níbẹ̀. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù, èyí ò le púpọ̀: ẹ ó ya á, ẹ ó tún un rẹ́. Nínú ilé amọ̀, ọ̀ràn mìíràn ni. Sìmẹ́ǹtì le, kò sì ń wú, kò sì ń sunkì bíi ti amọ̀, nítorí náà ó máa ń sán. Omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀bà tí wọ́n bu omi sí, sìmẹ́ǹtì ìta á sì dúró ṣinṣin bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdí nìyí tí ilé àtijọ́ kan fi lè dà bí ọba lóde, kí igun rẹ̀ kan sì wó lulẹ̀ lóru ọjọ́ tí òjò ò tilẹ̀ pọ̀. Bí ibi tó ń dún òfìfo bá ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ lára ògiri amọ̀, pàápàá nísàlẹ̀ tàbí ní igun, ẹ ní kí onílé jẹ́ kí bíríkìlà yín gbẹ́ ihò kékeré kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Àwọn kan á gbé ẹ̀rọ kékeré tó ní abẹ́rẹ́ méjì wá pé òun ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin. Igi ni wọ́n dìídì ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún. Iyọ̀ inú ògiri máa ń tàn án jẹ, á ní ògiri tó ti gbẹ ṣì tutù. Ẹ lè fi wá ibi tó rin ju ibòmíràn lọ nínú yàrá kan náà, àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ìdánwò ọ̀rá

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá inú ògiri ni omi ti ń jáde àbí inú afẹ́fẹ́ yàrá, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ nu ògiri kó gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kí sẹ́lótéèpù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ méjì ló dára jù. Bí omi bá kán sí inú ọ̀rá, ní ìhà tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bí ó bá jẹ́ òde ọ̀rá ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ẹ ṣe é lórí ilẹ̀ náà, torí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ àtijọ́ máa ń mu omi. Ẹ ṣe méjì tàbí mẹ́ta, kó má ṣe ibì kan ṣoṣo.

Ẹ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀

Onílé á ní kò sí wàhálà. Ajẹ́ǹtì á ní «kò sí wàhálà rárá». Àwọn ayálégbé ló mọ ilé. Ẹ má bi wọ́n bóyá ilé ń jò, torí wọn ò fẹ́ bá onílé jà. Ẹ bèèrè ohun tó wà lẹ́bàá rẹ̀: «Mà, nígbà òjò, ibo lẹ máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí?» «Ṣé ilẹ̀kùn yìí máa ń há?» Ní ilé kan tí mo bá àbúrò mi wò, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀gúsí, wo bàtà mi, ó ní, «Ọmọ mi, a kì í gbé bàtà sílẹ̀ nílé yìí o, orí nǹkan là ń gbé e sí.» Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A dúpẹ́, a sì jáde.

Ẹ lọ sí ilé tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo kànga wọn lásìkò òjò. Bí omi kànga bá ti sún mọ́ ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè bù ú, abẹ́ ilé tí ẹ fẹ́ rà náà kún fún omi.

Kí ẹ tó dá iye

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀, yàrá kan tẹ̀lé èkejì, kí ẹ sì ya fọ́tò. Ẹ wá pín in sí mẹ́ta.

Èyí tí kò yẹ kó dí yín lọ́wọ́: páànù díẹ̀ tó ń jò, gọ́tà tó dí, kọ̀rọ̀ tó dúdú nítorí fèrèsé tí wọ́n tì pa, ilẹ̀ ìta tó ga jù tí ààyè sì wà láti gbẹ́ ẹ kúrò.

Èyí tí ẹ máa fi já owó: omi tó ń gun ògiri búlọ́ọ̀kù láti ilẹ̀, pilásítà tó ti ya, igi àjà tó ti jẹrà lápá kan, omi balùwẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà àti káfíńtà yín dá iye rẹ̀, kí ẹ gbé ìwé náà síwájú onílé. Kì í ṣe ìjà. «Bàbá, ẹ wò ó, ohun tí ilé yìí máa jẹ lọ́wọ́ wa nìyí kí a tó lè sùn níbẹ̀.» Ìwé tó ní iye kọ̀ọ̀kan lórí ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀: igun ilé amọ̀ tó ti rọ̀ nínú, ìpìlẹ̀ tí àgbàrá ti gbẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ògiri tó sán láti òkè délẹ̀ tí ojú sísán náà sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, àti ilé tó wà lójú ọ̀nà omi tí kò síbi tí ẹ lè yí omi náà sí. Bí ilẹ̀ náà bá wù yín, iye ilẹ̀ ni kí ẹ san, kì í ṣe iye ilé. Bó sì ti jẹ́ ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ìyẹn nílò lọ́yà, mi ò ní dá sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ kàn po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí ẹ fi rẹ́ ẹ lórí. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ láìtíì dí ọ̀nà omi, omi á gun òkè ibi tí ẹ rẹ́, ẹ óò tún máa rẹ́ lọ. Ọ̀nà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dí. Kí ẹ ya pilásítà tó ti bàjẹ́ kúrò dé ẹsẹ̀ bàtà kan lókè ibi tí àmì dé, kí ẹ wá fi ògiri sílẹ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ á fi máa fẹ́ sí i. Àfojúdá àwọn oníṣẹ́ ni oṣù kan fún ínṣì kan: búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án á gbà tó oṣù mẹ́sàn-án kó tó gbẹ dénú, ògiri amọ̀ tó nípọn á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kùn ún kó tó gbẹ, ó máa tún un kùn.

Ní tèmi, erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo kó kúrò lára ògiri, bárò mẹ́rìndínlógójì. Mo yí omi ìwẹ̀ sí ibòmíràn, mo ya sìmẹ́ǹtì inú yàrá kúrò dé ìbàdí, mo fi amọ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn dí i padà. Ọyẹ́ dé, ó lọ, kò tíì gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ kejì dé ni ọ̀rá tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò tutù mọ́. Nínú aṣọ òfì mẹ́ta náà, méjì fọ̀, wọ́n sì padà sípò. Mo gé ibi tó ṣì dára lára ìkẹta, mo fi rán fìlà.